Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Kí A Tó Fi Owó Àjọ Ra Bírídà

Ní ìpàdé gbogboogbò tí ó ń bọ̀, àbá kan yóò wá síwájú yín pé kí a yọ nínú owó àjọ, kí a fi ra bírídà lápapọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń wa ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ ayé òde òní, èyí tí nọ́súlù rẹ̀ ń fín epo tààrà sínú sílíńdà. Àwọn tí ń ta bírídà yìí ní bí a bá ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, kábọ̀n kò ní dì mọ́ fáàfù mọ́ láéláé. Awakọ̀ kan nínú wa ti rà á, olówó ọkọ̀ sì ní kí ó fi owó ara rẹ̀ san án. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí kábọ̀n náà ti ń wá. Nígbà tí iná bá bú nínú sílíńdà, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, a ti ọ́ìlì jáde gba ojú síìlì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Láyé àtijọ́, páìpù kan ni ó ń tú u sí abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí èéfín ọkọ̀ wá bo ìlú mọ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sínú ẹ́ńjìnì láti orí ọkọ̀ ọdún 1961, kí ó lè tún jóná. Fáàfù kékeré tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a ń pè ní PCV. Èéfín tí ó ń dá padà yìí kì í lọ lásán: ó ń gbé ìkùukùu ọ́ìlì dání.

Nínú ẹ́ńjìnì oníkabúrétọ̀, àti èyí tí nọ́súlù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́, kò sí wàhálà púpọ̀. Pẹtiróòlù ń kọjá lẹ́yìn fáàfù nígbà gbogbo, ó sì ń ṣan án bí a ti ń ṣan ìkòkò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1996, Mitsubishi ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ́ńjìnì GDI rẹ̀ jáde, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Nọ́súlù ti wọ inú sílíńdà lọ. Epo dín kù, agbára pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n fáàfù tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé kò rí pẹtiróòlù fọ ara rẹ̀ mọ́. Ọ́ìlì tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ooru a sè é, a sì dì bí ọbẹ̀ tí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bí ó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ a máa gbọ̀n ní òwúrọ̀ kí ó tó gbóná, kò sì ní lágbára lórí òkè mọ́.

Ǹjẹ́ bírídà lè dá a dúró? Ìdáhùn wa ni pé ó lè dín in kù, ṣùgbọ́n kò lè pa á run. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Èkíní ni agolo tí a fi sí àárín páìpù PCV, kí ọ́ìlì lè sẹ̀ sínú rẹ̀ kí èéfín tó kọjá. Bí inú rẹ̀ bá ní ohun tí ìkùukùu náà yóò kọlù, yóò gba ọ́ìlì dáadáa. Ẹni tí ó bá tú u yóò rí i fúnra rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ agolo òfìfo lásán kò ní gba ohun kan tí ó tó nǹkan. Bí awakọ̀ bá sì gbàgbé láti dà á nù títí ó fi kún, ọ́ìlì inú rẹ̀ lè ya wọ ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan náà.

Oríṣi kejì ni fílítà kékeré tí a fi dé ẹnu páìpù, tí èéfín ń gba inú rẹ̀ jáde sí ìta. Lóòótọ́, ọ́ìlì tí ó bá bá a jáde kò ní dé ọ̀dọ̀ fáàfù. Ṣùgbọ́n èéfín náà yóò wọ inú ọkọ̀ bá awakọ̀ àti èrò, mẹkáníìkì tí ó sì tẹrí ba sórí ẹ́ńjìnì yóò máa fà á símú láti àárọ̀ di alẹ́. Bí a kò bá dí ojú ihò PCV dáadáa, afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò kà yóò máa wọlé, ẹ́ńjìnì yóò sì máa gbọ̀n. Òfin Amẹ́ríkà kò gba irú ìyípadà yìí lára ọkọ̀ tí ń rìn ní títì. A kò rí ìdí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò fi ra èéfín fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nínú oríṣi méjèèjì, kò sí èyí tí ó lè ká ọ́ìlì tí ń jò gba ìdí fáàfù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ kò, tàbí ẹ̀gbin inú èéfín sàlẹ́ńsà tí àwọn ẹ́ńjìnì kan ń dá padà. Kò sì sí èyí tí ó lè ṣí kábọ̀n tí ó ti dì kúrò. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú táńkì pàápàá kò lè dé ibẹ̀, nítorí epo kò gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá ti dì, àfi kí a tú ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí a fi ọwọ́ ha á tàbí kí a fi afẹ́fẹ́ fín èèpo èso walnut tí a lọ̀ sí i. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ náà mọ èyí. Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́súlù méjì sí sílíńdà kan nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan ní ọdún 2005: ọ̀kan nínú sílíńdà, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́, èyí tí ń ṣan fáàfù.

Gbogbo aláǹgbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọkọ̀ tí ń gbọ̀n lè jẹ́ ti plọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ ti kọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí a ń wà kò tilẹ̀ ní irú nọ́súlù yìí rárá. Bí ríìngì bá sì ti jẹ, tí ọ́ìlì jẹ́ ayédèrú, tí a kò pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, tí PCV ti dí, kí ni agolo kan fẹ́ ṣe? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìmọ̀ràn wa ni èyí: kí ìpàdé má fi ọwọ́ sí bírídà tí ń tú èéfín síta. Kí owó àjọ kọ́kọ́ lọ sí ọ́ìlì gidi tí ìwé ọkọ̀ sọ, tí a rà lápapọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, àti sí PCV tuntun fún ọkọ̀ tí tirẹ̀ ti dí. Ẹni tí ó bá fẹ́ agolo lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì ẹgbẹ́ wò ó kí ó tó rà á, kí ó sì máa dà á nù. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àtúnṣe ẹ́ńjìnì kì í ṣe gbèsè awakọ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ni fáàfù, òun náà ni ó sì ni kábọ̀n tí ó dì mọ́ ọn. Olówó ọkọ̀ tí ó bá ní kí awakọ̀ fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra bírídà, kí awakọ̀ náà mú ọ̀rọ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìbò fún yín. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ bèèrè ìbéèrè, kí ẹ tó na ọwọ́.