Wọ́n Dé, Wọ́n Lọ: Kí Ló Kù Sọ́wọ́ Àwọn Ọ̀dọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní òbí lábúlé. Ó ṣòro kí a tó rí nínú wa ẹni tí kò bá ọ̀kan nínú méjèèjì tan.

Ẹ ó ti rí wọn rí. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì mẹ́ta yóò wọ abúlé ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan yóò sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù kan náà lọ́rùn. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn yóò kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọn yóò bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń jẹ́ aṣáájú, wọn yóò pín ìwé àti bírò, ìrẹsì inú ike yóò tẹ̀ lé e, wọn yóò ya fọ́tò. Kí agogo mẹ́ta tó lù, eruku ọkọ̀ wọn ni à ń wò. A kò sọ̀rọ̀ wọn láìdáa o! Ẹni tó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé náà tó wà nígboro kò ṣe láti ọdún márùn-ún. Àmọ́ nígbà tí eruku bá rọlẹ̀ tán, kí ló kù sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́?

Ní ọdún 2022, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí abúlé kan ní Òkè-Ògùn tí àwa náà máa ń lọ nítorí pé a ní ẹbí níbẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́, èyí tó jáde ní ọdún 2019, sọ pé ẹni ọdún 15 sí 29 ni à ń pè ní ọ̀dọ́. Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ abúlé náà nígbà yẹn ti pé ẹni ọdún 46, àkọ́bí rẹ̀ sì ti ń wá aya! Láti ọdún 2018 ni òfin ilẹ̀ wa ti gbà kí ẹni ọdún 25 du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ẹni ọdún 35 sì du ipò Ààrẹ. Ní abúlé, ẹni ọdún 25 ni à ń rán lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn tó ń ṣèpàdé.

Àwọn àlejò náà sọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin kan nínú wọn padà wá. Oníṣirò owó ni nílé-iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá, kò sì wọ ẹ̀wù ilé-iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó láàrin àwọn ọ̀dọ́, ó ní, “Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ló bàjẹ́ ní abúlé yìí tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ tún ṣe?” Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan wá nawọ́ sí búkà kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀, ti gbogbo abúlé ni. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti já láti oṣù méje, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí owó tí wọ́n ti ń pa lórí rẹ̀ wọlé sí. Orí ọ̀kadà ni àwọn ìyá wa ń gbé ẹ̀gẹ́ wọn lé lọ sí abúlé kejì.

Obìnrin náà bẹ ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn wá fi ọjọ́ Sátidé kan yẹ̀ ẹ́ wò. Àdéhùn tó bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe kò ju ìwọ̀nba lọ: kí wọ́n yan alága, akọ̀wé àti akápò láàrin àwọn tí kò tíì pé ọdún 25; kí wọ́n máa kọ gbogbo àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá rìn sílẹ̀; kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo abúlé lóṣooṣù.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1919, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn oníṣòwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí Theodore Vail ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Junior Achievement sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ oko tó ń ya wọ ìgboro. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní ọdún 1999. Nínú ọ̀kan lára ètò wọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé á dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, wọn á yan ọ̀gá láàrin ara wọn, wọn á ṣe ọjà, wọn á tà á, wọn á pín èrè nígbẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ tó wá láti ilé-iṣẹ́ ńlá á jókòó tì wọ́n, á gbà wọ́n nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò ní gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́wọ́ wọn. Àwọn bàbá wa náà kò ṣàì mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin tó bẹ ọ̀wẹ̀ láti ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀ ní láti mọ ẹni tí yóò pè, kí ó pín iṣẹ́ fún wọn, kí ó wá oúnjẹ tí yóò ká wọn, kí ó sì lọ bá àwọn náà ṣe tiwọn nígbà tó bá kàn wọ́n. Ta ló tún fẹ́ fi ìwé kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń ṣáájú?

Nígbà tí ó di ọ̀ràn akápò, ọmọbìnrin ọdún 19 kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni àwọn ọ̀dọ́ yàn. Àwọn àgbà fárí gá. Wọ́n ní ọmọ àná ni, ọmọbìnrin sì ni. A wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bi wá pé kí ni a rí sí i. A sọ pé kí wọ́n ṣì fi owó sọ́wọ́ àgbà kan ná. Ojú ń tì wá bí a ti ń kọ ọ́ yìí. Oṣù mẹ́ta ni àgbà náà fi gba owó. Kò jalè: ó yá ẹni méjì níbẹ̀, ó fi díẹ̀ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ní í lọ́kàn láti dá a padà. Kò kàn kọ nǹkan kan sílẹ̀ ni. Ìgbà tí bẹ́líìtì tún já, àpò ṣófo.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé ìwé fún ọmọbìnrin náà. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ó ń ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Ó dé àárín, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ilé Baálẹ̀, àpò mẹ́rin, wọn kò tíì san.” Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ká ọwọ́ lérí. Baálẹ̀ ní kí ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó tún un kà, kò sì yọ ẹyọ kan nínú àpò mẹ́rin náà. Baálẹ̀ bá ki ọwọ́ bọ àpò agbádá wọn, wọ́n ka owó sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn yòókù ti san tiwọn. Bí Baálẹ̀ bá jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ aṣáájú tí àwọn oníbọ́ọ̀sì sọ ì bá ti di bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yín ń rán lọ sí abúlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ. Ìgbà mẹ́fà ni obìnrin yẹn padà lọ láàrin ọdún kan, kò sì fọwọ́ kan owó náà rí. Nígbà kan, àwọn ọmọ náà fẹ́ lọ ra bẹ́líìtì ní Ìṣẹ́yìn láìwọn èyí tó já. Ó rí i, ó dákẹ́. Èyí tí wọ́n rà kò bá a mu, wọ́n san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti wá mọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí báyìí. Ẹ̀yin òbí wa lábúlé, ẹ̀yin náà ẹ rọra. Ẹ má ṣe gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé orúkọ yín wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2024, ọmọbìnrin náà gba òmìnira iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oṣù méjì gbáko ló fi jókòó ti ọmọkùnrin ọdún 17 kan kó tó gbé ìwé náà fún un. Nígbà tí a débẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ̀rọ ń ké, a sì jókòó ti àwọn ìyá tó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́. Ọmọkùnrin náà wá bá wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé, ó ní àpò ẹ̀gẹ́ méjì wà tí àwọn ará ilé wa rìn lóṣù tó kọjá, kò sì tíì sí ẹni tó sanwó rẹ̀.

A san án.