Iṣẹ́ Ọ̀lẹ Ha Ni Wíwo Ẹyẹ Bí?

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Field Society bá wọ igbó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n mú ìwé àti awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́, àwọn kan nínú wa a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, “Ẹni tí kò pa ẹran, tí kò ṣẹ́gi, tí kò ro oko, kí ni ó ń wá nínú igbó bí kò ṣe ọ̀lẹ?” Àwa kò bá wọn rín ẹ̀rín náà.

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ẹlẹ́gàn wọ̀nyí léèrè: láti ìgbà wo ni ìmọ̀ ẹyẹ ti di ọ̀lẹ ní ilẹ̀ Yorùbá? Àwọn ọdẹ tí ń sun ìjálá mọ ìrìn ẹtu, wọ́n mọ igbe àparò, wọ́n mọ igi tí odídẹrẹ́ ń yé sí. A kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ rí. Owó ni a ń fún wọn, tí a sì ń tẹ́tí sí wọn. Iṣẹ́ tí ó jọ èyí ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe láti ọdún 1930 tí a ti dá a sílẹ̀: wọ́n ń rìn, wọ́n ń wò, wọ́n sì ń tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé wọn, The Nigerian Field.

Ẹyẹ kan wà tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà. Ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ sì pupa. Ní ọdún 1958 ni J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn, ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún aráyé, tí ó sì fi Ìbàdàn sọ ọ́ lórúkọ: Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Ewu ìparun sì wà lórí rẹ̀, nítorí a ń gé igbó rẹ̀ fún oko àti ilé. Ọ̀kan nínú ibi tí ó ṣì ń rí sá sí ni igbó bí 350 hẹ́kítà tí IITA dá sí ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. A ti wo ilé wa, a ti sọ ọmọ náà. Mélòó nínú àwa onílé ni ó mọ̀ ọ́n?

Ṣùgbọ́n a kò ní ṣàì bá ẹgbẹ́ náà wí pẹ̀lú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà létí igbó, lọ́wọ́ ẹni tí àdá wà, kò lè kà á. Bí ẹ kò bá bá aládàá sọ̀rọ̀, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Ẹ pe ọdẹ sí àárín yín, kí ó sọ ohun tí òun mọ̀ kí ó tó bá a wọ sàréè.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí etí igbó ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin ẹlẹ́gàn, ẹ bá wọn lọ. Ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, bí ó bá kú, kò sí ẹni tí yóò sunkún rẹ̀.