Ooru Ló Ń Jẹ Owó Nínú Ìfọṣọ

Yàrá ìfọṣọ ti di ohun tí àwọn tó ń kọ́lé tuntun ní Lẹ́kì àti Bódìjà ń béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán ilé. Nínú àwòrán tí wọ́n máa ń fi han oníbàárà, ẹ̀rọ ìfọṣọ á wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ agbaṣọ-gbẹ tó ń fi ooru mú aṣọ gbẹ á wà lórí rẹ̀, pẹpẹ á sì ga dé àjà, tí ike ọṣẹ olómi, ike ohun olóòórùn dídùn àti ọ̀rá omo, ìyẹn ọṣẹ lúbúlúbú irú èyíkéyìí, tò sórí rẹ̀ pìtìmù. Fèrèsé ló sábà máa ń kéré jù níbẹ̀. Lójú tèmi, a ti gbé yàrá náà sódì: ohun tó ń jẹ owó la fi síwájú, ohun tí ojú ọjọ́ wa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ la tì sẹ́yìn. Bí a bá kó ohun tí kò wúlò kúrò nínú yàrá yẹn, àpò onílé ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, kí a tó máa sọ ti afẹ́fẹ́ àti omi tí à ń bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi mítà ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti nǹkan bíi N68 sí N225 lórí yúníìtì kan. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ó wà ní N209.50. Ẹ̀rọ agbaṣọ-gbẹ lè jẹ yúníìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá tàn án, ìyẹn N628.50. Oṣù Keje yẹn kan náà ni owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ di N70,000. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ó lé díẹ̀ ní N2,300 lójúmọ́. Aṣọ ẹ̀ẹ̀kan péré ti gbé ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó ojúmọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Ẹ wá wo ẹ̀rọ ìfọṣọ fúnra rẹ̀. Bí omi tútù la fi fọ̀, ó lè má jẹ ju ìdajì yúníìtì lọ, ọgọ́rùn-ún náírà lé díẹ̀. Tẹ bọ́tìnì omi gbígbóná, owó á fò sókè, torí pé omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà ń sè. Èyí tó ń yí aṣọ po kò tó nǹkan. Ti ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tún burú ju èyí lọ. Epo tí kò tó N200 ní lítà kan kí ìjọba tó kéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan N1,000 ní Èkó ní oṣù Kẹwàá 2024, lítà kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sì í sábà mú ju yúníìtì méjì wá. (Jẹnẹrétọ̀ kékeré ọ̀hún kò tilẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ agbaṣọ-gbẹ, bí a bá tàn án, ó kú nìyẹn.)

Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ sísá aṣọ ní ọgbọ́n tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì náání ọgbọ́n náà mọ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni okùn yẹ kó dábùú, kì í ṣe kó fara ti ògiri. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín aṣọ kan sí èkejì, nítorí aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ra wọn á ti máa rùn kó tó gbẹ. Àdìrẹ ń fẹ́ omi tútù. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì sá a síbi ìbòji, torí oòrùn máa ń pa aró. Ti aṣọ funfun yàtọ̀, oòrùn gan-an ló ń mú un funfun sí i. Nígbà ọyẹ́, sòkòtò jíǹsì tí a sá láàárọ̀ lè gbẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Oṣù Keje ńkọ́, nígbà tí òjò ò dáwọ́ dúró? Ìbéèrè tó tọ́ ni, òun náà sì ni n kò fi ní kí a gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ jù sọnù. Bó bá fún aṣọ, omi tó ń kù sára rẹ̀ kì í tó ti èyí tí ọwọ́ fún, iná táṣẹ́rẹ́ ló sì fi ń ṣe é. Ohun tó kù ni irin ìsáṣọ lábẹ́ òrùlé fàráńdà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i, kí a sì yé kó aṣọ odindi ọ̀sẹ̀ jọ de ọjọ́ Sátidé kan. Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń yin okùn aṣọ kì í sábà sọ. Eṣinṣin kan wà tó ń yé sára aṣọ tútù tó wà níbi ìbòji tàbí lórí koríko. Ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ ara lọ, á sì wú bí eéwo. Nítorí náà, áyọ́ọ̀nù ṣì níṣẹ́ láti ṣe, pàápàá lórí aṣọ ọmọ ọwọ́ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí oòrùn ò rí dáadáa. Kí a ṣáà lọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, dípò kí a máa ki áyọ́ọ̀nù bọná láràárọ̀ nítorí ṣẹ́ẹ̀tì kan.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2023, Unilever Nigeria kéde pé òun kò ní ṣe Omo àti Sunlight mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, P&G tó ni Ariel sọ pé òun yóò máa kó ọjà wá láti òkèèrè ni dípò ṣíṣe é ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá kó ike ọṣẹ márùn-ún sórí pẹpẹ ń fi ara rẹ̀ sábẹ́ owó dọ́là lọ́nà márùn-ún. Ìfóòfó ló sì ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ: bí kò bá ho dé etí abọ́, a ó ní kò mọ́, a ó tún bu omo sí i. Àbùsí yẹn, omi ni yóò fi gbẹ̀san, torí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin la ó fi ṣan ohun tó yẹ ká ṣan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí à ń ti òkè kó aṣọ sí lè lo ọgọ́rùn-ún lítà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin oní-lítà 25. Èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú ń lo nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Níbi tí mẹ́ruwà ti ń ta omi, owó gidi ni ìyàtọ̀ náà. Omi tí a fi ṣan aṣọ gbẹ̀yìn ṣì dára láti fi rẹ aṣọ mìíràn, tàbí láti dà sí ṣáláńgá. Ọṣẹ tí a gé, tí a sì sá kó gbẹ kí a tó lò ó, ń pẹ́ lọ́wọ́ ju èyí tí a fi sínú omi títí tó fi yọ̀ dànù. Irú ọṣẹ kan àti Hypo fún aṣọ funfun tó fún ilé tó pọ̀ jù lọ. Wọ́n lè ní mẹ̀kúnnù ò lè ra omo ńlá, pé ti inú ọ̀rá kékeré lowó òun ká. Òótọ́ ni, òun náà ló sì ń ra ọjà náà wọ́n jù bí a bá fi ìwọ̀n ṣírò. Àwọn aládùúgbò tó ń dáwó ra àpò ìrẹsì kan tí wọ́n ń fi kóńgò pín in lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún omo.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé ìmọ̀ràn àìlo ẹ̀rọ, orí obìnrin àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń já lé. Mo gbà. Ìdí nìyí tí n kò fi bá ẹni tó ní ká padà sí odò jókòó: ẹ̀rọ tó ń fi omi tútù fọṣọ ń gba ẹ̀yìn obìnrin là ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ àyíká, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Plymouth rí i pé aṣọ oníke tó wọn kílò mẹ́fà lè tú okùn tín-tìn-tín tó lé ní 700,000 sínú omi nígbà ìfọ̀ kan. Tiwa ń tọ gọ́tà lọ sínú ọ̀sà, òun pẹ̀lú ọ̀rá omo. Ìbàdàn, tó rí omíyalé Ògùnpa ní 1980, tí ìdọ̀tí tó dí ojú odò dá kún, kò nílò òyìnbó láti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn.

Kí ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ tó fọwọ́ sí àwòrán, ó yẹ kó bi kọ́lékọ́lé ní iye tí yàrá náà yóò gbà, búlọ́ọ̀kù, táìsì àti wáyà lápapọ̀, kó fi wé iye fàráńdà ẹ̀yìn tó ní òrùlé, ẹ̀rọ omi kan, ihò tí omi ọṣẹ yóò máa dà sí, àti òpó méjì fún okùn.