Òdo Nàìjíríà máa ń jáde, ti Bẹ̀nẹ̀ kì í jáde: ẹ tún nọ́ńbà inú fóònù yín wò

Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Lomé, ẹ mú fóònù yín, kí ẹ wo nọ́ńbà oníbàárà yín tó wà ní Kútọnu. Bó bá jẹ́ òǹkà mẹ́jọ péré ló tẹ̀lé 229, nọ́ńbà àtijọ́ lẹ ṣì tọ́jú. Láti ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024 ni Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ti fi 01 ṣáájú nọ́ńbà fóònù wọn, tó fi di olóǹkà mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá fi 01 yẹn sí i lè pe oníbàárà rẹ̀ títí, kó máa rò pé ńṣe lonítọ̀hún ń sá fún gbèsè.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nọ́ńbà fóònù náà ní ilé tó ti wá. Àjọ ITU, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé láti ìlú Geneva, ló fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Tógò ló ni 228, Gánà ló ni 233, Nàìjíríà ló ni 234, Côte d'Ivoire ló ni 225. Èyí tó kù lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ibẹ̀ ló ń tò ó bó ṣe wù wọ́n. Níbí, òǹkà méje là ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọdún 2011 ló di mẹ́jọ. Èyí tó bá fi 2 bẹ̀rẹ̀, fóònù onílé ni. Èyí tó bá fi 9 tàbí 7 bẹ̀rẹ̀, fóònù alágbèéká ni.

Ọ̀rọ̀ òdo gan-an ló ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Bí ará Èkó bá fún yín ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, ẹ yọ òdo iwájú yẹn kúrò kí ẹ tó fi +234 sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gánà. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ yọ òdo ti Bẹ̀nẹ̀: +229 01 ni, kí òǹkà mẹ́jọ tó kù tó tẹ̀lé e. Ti Côte d'Ivoire náà kì í jáde. Láti ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2021 ni àwọn náà ti ń lo òǹkà mẹ́wàá. 07 ló ń ṣáájú fóònù alágbèéká Orange, 05 ti MTN, 01 ti Moov. Tógò ní tirẹ̀ kò ní òdo kankan níwájú.

Ọ̀rọ̀ owó lọ̀rọ̀ yìí. Bí ọkọ̀ tó kó ẹrù yín bá dúró sí bodè Hilakọnji, tí awakọ̀ ò sì rí yín pè, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù. Òǹkà kan ṣoṣo téèyàn ṣì tẹ̀ lè gbé owó tó fi fóònù ránṣẹ́ lọ bá ẹlòmíràn. Bí nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tí ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá sì pè yín lẹ́ẹ̀kan tó já a, ẹ má sáré pè é padà. Ó lè jẹ́ oníjìbìtì tó fẹ́ jẹ owó fóònù yín ni.

A mọ̀ pé bí fóònù bá ń pọ̀ sí i, nọ́ńbà máa ń tán, ó sì di dandan kí ìjọba fi kún un. Ohun tí àwa ń béèrè lọ́wọ́ ARCEP, tó ń bójú tó ètò yìí ní Tógò, ni pé bó bá tún kan tiwa lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n má fi èdè Faransé nìkan kéde. Kí wọ́n wá sí ọjà, kí wọ́n sọ ọ́ ní Ewé, ní Kabiyè, ní Haúsá àti ní Yorùbá, kí ọjọ́ tó pé.

Kó tó dìgbà náà, ẹ pe ọmọ tó mọ̀wé nínú ilé. Ẹ jẹ́ kó fi àmì àròpọ̀ (+) àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè sí iwájú gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín. Bí ẹ bá wà ní Lomé, Kútọnu tàbí Èkó, nọ́ńbà tó bá wà báyìí á wọlé.