Ṣé Kíkà Ni A Ó Fi Mọ Iṣẹ́ Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ Oòduà nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, a kò sì lè gbé e mì. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa fẹ́ máa fún àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásitì ní owó ìrànwọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí iye ìtọ́kasí rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ni yóò gbà á, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn dárúkọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ nínú tiwọn. A kò fara mọ́ ọn rárá.

Ọmọbìnrin kan láàrin wa tó ń ṣe ìwádìí nípa ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè. Àpilẹ̀kọ méjì péré ló ní, wọ́n sì ti ń sọ pé kò tó. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ ìràwọ̀ gan-an dán òṣùwọ̀n wọn wò.

Ní 1967, Jocelyn Bell jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ bébà tí ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run ń tẹ̀ jáde wò, nǹkan bí ọgbọ̀n mítà lójúmọ́, ojú lásán ló sì fi ń yẹ̀ ẹ́. Ó rí àmì kékeré kan tí ẹlòmíràn ì bá fojú fò dá. Kò fò ó. Àmì náà ló fi hàn pé irú ìràwọ̀ kan wà tó kéré, tó wúwo, tó ń yí bí òkòtó: òun ni wọ́n ń pè ní pulsar. Nígbà tí àpilẹ̀kọ náà jáde nínú jọ́nà Nature ní oṣù kejì 1968, orúkọ márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Ti ọ̀gá rẹ̀, Antony Hewish, ló ṣíwájú. Ní 1974, Hewish àti Martin Ryle gba ẹ̀bùn Nobel. Wọn kò fún Bell. Bí ìgbìmọ̀ wa bá jókòó ní ọjọ́ tó rí àmì yẹn, kí ni wọn ì bá rí kà? Ní 2018 tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, kò mú kọ́bọ̀ lọ sílé. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì láti inú àwọn ẹ̀yà àti ipò tí a kì í sábà rí nínú iṣẹ́ náà. Àwọn bí ọmọ tiwa nìyẹn o.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní 1965, Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà, òun àti Hewish kan náà, kọ̀wé nípa ohun kékeré kan tó ń ràn lọ́nà àrà nínú Crab Nebula. Ní 1968, àwọn mìíràn rí i pé pulsar wà níbẹ̀. Okoye padà sílé, ó dá ibùdó ìwádìí òfúrufú sílẹ̀ ní Nsukka. Ìtọ́kasí wo ló ń ka akẹ́kọ̀ọ́ tí ènìyàn kọ́?

Wọ́n tún ń fọ́nnu nípa h-index tí Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ ní 2005. Bí o bá ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà mẹ́wàá ó kéré tán, mẹ́wàá ni tìrẹ. Ẹni tó kọ mẹ́ta kò lè ju mẹ́ta lọ láéláé, kódà kí gbogbo ayé máa tọ́ka sí wọn lójoojúmọ́. Àbí a ti gbàgbé pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ? Àpilẹ̀kọ tó kéde gravitational waves ní 2016 ní orúkọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, iye kan náà ni wọ́n sì ń kà fún gbogbo wọn.

Ti orúkọ ló tilẹ̀ ń bí wa nínú jù. Ọ̀pọ̀ jọ́nà a gé orúkọ àkọ́kọ́ kù sí lẹ́tà kan, wọn a sì bọ́ àmì orí rẹ̀ dànù. Àìná Adéyẹmí di A. Adeyemi, Àjọkẹ́ náà, A. Adeyemi. Bí ọ̀kan bá wá lọ sílé ọkọ ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ a pín sí méjì. Àwa tí a ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ṣé irú ìkà bẹ́ẹ̀ ni a ó fi ṣe adájọ́?

Àwọn kan ní kíkà ló lè dènà ojúsàájú, kí àgbà má baà gbé owó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òótọ́ ni, a ti rí irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olùbéèrè fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́, kí ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ náà, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, kà á, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ wá, kí ẹ sì bi ìgbìmọ̀ léèrè pé ta ló ti ka àpilẹ̀kọ méjèèjì ọmọbìnrin náà. Àwa ti béèrè. Kò tíì sí ẹni tó ka ìkankan.