Ẹ Má Ṣe Bú Ẹni Tí Ń Bẹ̀rù Àjẹsára

Àwa tí a kàwé a máa yára pe ìyá tí ó kọ àjẹsára fún ọmọ rẹ̀ ní òpè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ apòògùn Amẹ́ríkà kan dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé ní Kánò. Àwọn òbí ní a kò là á yé àwọn. Ní 2003, Kánò kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀, àrùn náà sì ràn dé ilẹ̀ òkèèrè. Èébú kọ́ ni ó yí wọn lọ́kàn padà: a tún oògùn náà yẹ̀ wò, gómìnà sì gbé ọmọ tirẹ̀ jáde ní gbangba ní 2004 láti gbà á. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ fetí sí ohun tí ń ba àwọn ènìyàn yín lẹ́rù, kí ẹ sì fi ọmọ tiyín ṣáájú.