MÀLÚÙ YÓ, SÍBẸ̀ EBI Ń PA Á

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ bàbá àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Bàbá ní koríko gbígbẹ kún inú igbó lẹ́ẹ̀rùn, ó ga ju èèyàn lọ. Kí ló wá dé tí màlúù ń fi í sílẹ̀ tó ń wọ oko ẹ̀wà àwọn? Wọ́n ní ṣé ìkà kọ́ nìyẹn?

Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí. Ẹni tó da màlúù wọ oko olóko jẹ̀bi, n kò gbè é. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ màlúù fúnra ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ mọ ṣàkì tí a fi ń jẹ àmàlà? Nígbà tí màlúù wà láàyè, inú ṣàkì yẹn ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé, àwọn ló ń bá a da koríko. Bí purotéènì inú koríko kò bá tó nǹkan bí 7 nínú 100, ebi á máa pa àwọn náà, koríko ò ní tètè dà. Lẹ́ẹ̀rùn, ti koríko igbó lè já wálẹ̀ dé 3. Ikùn á kún, ara á máa rù. Màlúù tó sá lọ sídìí ẹ̀wà kò ya òmùgọ̀.

Kí ni ẹ̀wà ní tí koríko ò ní? Náítírójìn ni wọ́n fi ń ṣe purotéènì. Ó kún inú afẹ́fẹ́, ìdá 78 nínú 100, ṣùgbọ́n koríko ò lè mú un níbẹ̀. Ẹ rọra hú ẹ̀wà kan kó tó so, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò ẹ̀. Àrùn kọ́ o! Ilé àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rhizobium ni. Ẹ fi èékánná là á: bí inú ẹ̀ bá pupa, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀wà ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún un.

Ọgbọ́n yìí ni ILCA, àjọ tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Áfíríkà (ó ti di ara ILRI láti 1995), lò ní Kurmin Biri, ìpínlẹ̀ Kàdúná, láàárín ọdún 1980 sí 1989. Sítáílò ni wọ́n gbìn, ìbátan ẹ̀wà tí màlúù ń jẹ. Wọ́n á sọ ọgbà yí bí éékà 10 ká, màlúù á máa sùn síbẹ̀ kí pátákò wọn lè tu ilẹ̀, wọ́n á wá fọ́n irúgbìn. Wọ́n á fi ajílẹ̀ fọ́sífeètì sí i, torí àwọn kòkòrò yẹn ò lè ṣe dáadáa láìsí i. Lẹ́ẹ̀rùn, màlúù á wọlé jẹ fún bíi wákàtí méjì àbọ̀ lójúmọ́, á jáde. Bí wọ́n bá jẹ ewé ẹ̀ jù, gbòǹgbò ò ní rí ṣúgà fún àwọn àlejò ẹ̀ mọ́, kókó á máa rẹ̀ dànù. Àgbàdo tí wọ́n gbìn síbẹ̀ lẹ́yìn sítáílò sì ta ti ilẹ̀ tí wọ́n kàn dá sílẹ̀ yọ.

Kí ló dé tí kò tàn káàkiri? Wáyà ọgbà wọ́n. Èyí tó le jù ni ilẹ̀. Ta ni yóò gbin nǹkan ọlọ́dún mẹ́ta sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé e kúrò lórí ẹ̀ lọ́la? Bàbá, ẹ̀yin náà ò ní ṣe é. Bí ẹ bá jókòó pẹ̀lú Baálẹ̀ àti àwọn Fúlàní tó ti pẹ́ lábúlé yín, ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló lè yọ éékà 10 sílẹ̀, fún ọdún mélòó, ta ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀? Ẹ kọ èsì wọn sí mi, màá gbé e jáde lójú ewé yìí.